Ìbọn ṣakabùlà tó wà lájà bàbá yín: ẹ gbọ́ tẹnu ọdẹ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó wálé, bàbá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó wá fi aṣọ di ìbọn ṣakabùlà bàbá náà, ó gbé e wá bá mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè bá mi tà á ni àbí kí n gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ ná, kó kọ ẹnu ẹ̀ síbi tí èèyàn ò sí. Mo fa ọ̀pá ìkìbọn yọ, mo tì í bọ ẹnu ìbọn, ọ̀pá ò dé ìdí, ó ku bí ìka mẹ́rin. Ìyẹn ni pé ẹ̀tù àti ọta ṣì wà níbẹ̀ látọjọ́ tí bàbá ti kì í kẹ́yìn, ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tí bàbá ti fi ọdẹ sílẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ ń sùn lábẹ́ àjà yẹn lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí, torí àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣé ìbọn ìbílẹ̀ yìí ṣì ní ọjọ́ iwájú. Irin kì í tètè tán o, ìbọn náà á ṣì wà lájà kiri. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò, tó mọ̀ ọ́n ṣe, tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, àwọn yẹn ló ń tán lọ, ẹ̀rù ẹ̀ sì ń bà mí.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: ìbọn tí wọ́n ń kì láti ẹnu ni. Ẹ̀tù lá kọ́kọ́ lọ, akísà tẹ̀ lé e, ọta, akísà míì, ọ̀pá á wá kì í títí á fi le dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń dún. Tó o bá tàsé, kó o tó kì í padà ìgalà ti dé oko ẹlòmíì, ìdí nìyẹn tí ọdẹ àtijọ́ fi máa ń ní sùúrù, tó máa ń sún mọ́ ẹran dáadáa kó tó yìn ín. Òyìnbó ń pè é ní dane gun torí pé àwọn oníṣòwò Denmark wà lára àwọn tó ń kó o wá sí etíkun wa, nígbà tó yá Birmingham ni púpọ̀ ń ti wá, ká má sì gbàgbé pé èèyàn ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ayé ẹ̀ ti kọjá. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877, àwọn Èkìtìparapọ̀ tí Ògèdèǹgbé Iléṣà ń ṣáájú rí ìbọn tí wọ́n ń kì láti ìdí gbà látọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wọn l'Ékòó, ó yá ju èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn lọ fíìfíì, ìró rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ogun náà lórúkọ. Tó bá jẹ́ pé ìbọn tuntun ló ń pa ìbọn àtijọ́, ayé ìgbà yẹn ló yẹ kí ṣakabùlà ti pòórá. Kò pòórá, torí alágbẹ̀dẹ abúlé lè rọ ọ́, tó bá bàjẹ́ lọ́la ó lè tún un ṣe, ọdẹ ò ní dúró de ọkọ̀ ojú omi kankan kó tó rí nǹkan lò.

Bàbá tèmi wà lára àwọn alágbẹ̀dẹ yẹn. Mo fẹ́ ẹwìrì nílé arọ wa títí apá mi fi ń ro mí, mo mọ ẹmú, mo mọ ọmọ owú, àmọ́ nǹkan tí mo rántí jù ni pé ìbọn kankan ò ní kúrò lọ́wọ́ bàbá láìdán an wò. Á dè é mọ́ kùkùté lẹ́yìnkùlé, á kì í ju bí ọdẹ ṣe máa ń kì í lọ, á wá fi okùn gígùn fa á látẹ̀yìn ògiri. Tó bá dún tí ohunkóhun ò sán lára ẹ̀, á tó fún ẹni tó ni ín. Ní Birmingham, òfin ló ní kí wọ́n ṣe irú ìdánwò yẹn, wọ́n ti ní ilé tí wọ́n ti ń ṣe é láti 1813. Tiwa ò sí nínú òfin kankan, ẹ̀rí ọkàn alágbẹ̀dẹ ni.

Àwọn ọmọ wọn ti di wẹ́dà báyìí, mi ò bá wọn wí, torí géètì àti bọ́gílárì ń mówó wọlé ju ìbọn lọ. Ẹni tó wá ń ṣe ìbọn ní kọ̀rọ̀ lónìí, nígbà míì páìpù omi ló ń lò, páìpù tó ní ojú tí wọ́n ti jó o pọ̀, wọn ò sì ṣe é torí iná ẹ̀tù rárá. Ọdẹ kan nínú ẹgbẹ́ wa ra irú ẹ̀, ìgbà kẹta tó yìn ín ló fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìka méjì lọ. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ló máa jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ sí òun, ṣùgbọ́n irú ìbọn báyìí, ẹni tó dì í mú gan-an ló kọjú sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé torí pé ìbílẹ̀ ni kò nílò ìwé, ẹ gbọ́ o. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 yà á sọ́tọ̀ sí apá tiẹ̀, ó dárúkọ dane gun, flintlock (ìbọn olókùúta, tí òkúta ń ṣáná sí ẹ̀tù ẹ̀) àti cap gun (tí fìlà irin kékeré ń fún ẹ̀tù ẹ̀ níná), láísẹ́ńsì sì ni èèyàn gbọ́dọ̀ fi ní in. Ìwé tí bàbá gbà lórúkọ ara ẹ̀ ò sọ ọ́ di tìẹ. Mo mọ ọdẹ tó ti fi ogójì ọdún ṣọ́ ìlú tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá dá a dúró lójú títì wọn ò ní béèrè ìjálá lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ, pump action, ìbọn tó ń dún léraléra kí wọ́n tó tún kì í, ni wọ́n ń fẹ́, ó sì yé mi. Látìgbà tí Amọ̀tẹ́kùn ti bẹ̀rẹ̀ ní January 2020, púpọ̀ nínú wa ló ti wọ iṣẹ́ ààbò, àwọn tí wọ́n ń lé nínú igbó sì ń gbé AK-47. Kí ni ìbọn tó ń dún lẹ́ẹ̀kan fẹ́ ṣe síyẹn? Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ṣakabùlà lọ síwájú ajínigbé, ikú lèyí. Ẹran náà ti ń dín kù, igbó tí mo ti kọ́ ọdẹ ti di oko kòkó àti ilé. Ọ̀yà àti òkété ṣì wà, ṣùgbọ́n akika, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á mọ́, láti 2017 ni àdéhùn gbogbo àgbáyé ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹran inú igbó irú ẹ̀ ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì, ó sì ń tán lójú wa.

Ibi tó wá ṣẹ́ kù fún ìbọn yìí ni òkú ọdẹ àti ọdún Ògún, tí wọ́n bá ń sun ìrèmọ̀jé tí ìbọn sì ń dún. Lójú tèmi ìyẹn ò kéré. Ní Amẹ́ríkà, ní Pennsylvania, láti 1974 ni wọ́n ti ya àsìkò kan sọ́tọ̀ lọ́dún fún àwọn tó ń fi ìbọn olókùúta pa àgbọ̀nrín, òfin ló dá a sí. Síbẹ̀ nígbà tí iléeṣẹ́ ẹ̀tù dúdú kan ní Louisiana kéde ní 2021 pé òun fẹ́ tì, jìnnìjìnnì bá wọn, àfìgbà tí ẹlòmíì rà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nǹkan tí mo ń bẹ àwọn Olúọ́dẹ wa fún ò tó yẹn: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ìbọn tó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n mú alágbẹ̀dẹ tó kù mọ́ra, kí wọ́n bá ìjọba sọ ọ́ pé kó fún un ní ìwé dípò kí wọ́n máa lé e kiri, kí ọmọ tuntun má sì wọ ẹgbẹ́ láìmọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá wo inú ìbọn. Gé àmì sára ọ̀pá níbi tó máa ń dé tí ìbọn bá ṣófo. Tó o bá tì í bọ̀ ọ́ tí àmì yẹn ṣì wà níta, nǹkan ń bẹ nínú ẹ̀, má kì í lé e lórí. Tó o bá sì yìn ín tí ò dún, má yí ẹnu ẹ̀ sọ́dọ̀ ara ẹ láti wò ó, dúró pẹ́ dáadáa, ẹ̀tù tó ti rin lè pẹ́ kó tó gbaná. Tó o bá ti ibẹ̀ dé, omi gbígbóná ni kó o fi fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà, ìdọ̀tí ẹ̀tù ń jẹ irin.

Ti ọmọkùnrin yẹn, omi ni mo rọ sínú ìbọn, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ̀tù lè kú, mo wá fi ìkọ́ fa ohun tó wà nínú ẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Òjé wẹ́wẹ́ jáde, akísà náà jáde, àdìrẹ ni, ọmọ náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní aṣọ ìyá òun lèyí. Kò tún dárúkọ títà mọ́. Ní Mọ́ńdè, a fi ìbọn náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Olúọ́dẹ, èmi àti ẹ̀ jọ lọ sí tésàn lọ béèrè ọ̀rọ̀ ìwé.