Ẹ jọ̀ọ́, góòlù tuntun wo lẹ̀ ń wá?

Lóṣù yìí nìkan, èèyàn mẹ́ta ló ti jókòó síwájú tábìlì mi tí wọ́n sọ ohun kan náà, "Daddy, mi ò fẹ́ èyí tẹ́ ẹ yọ́ o, góòlù tuntun ni kẹ́ ẹ fi ṣe òrùka wa." Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alágbẹ̀dẹ góòlù n'Ísàlẹ̀ Èkó, ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ, mi ò tíì rí góòlù tó gbó rí. Kì í dógùn-ún, kì í jẹrà, ẹ yọ́ ọ nígbà ọgọ́rùn-ún, góòlù náà ni. Èyí tí wọ́n fi páálí pupa dì wá láti Dubai tẹ́ ẹ̀ ń pè ní tuntun yẹn, ta ló sọ fún yín pé kì í ṣe báńgù ìyàwó ẹnì kan ni wọ́n yọ́ ṣe é? Bí wọ́n bá pín góòlù tó ń wọjà lágbàáyé lọ́dún kan sọ́nà mẹ́rin, nǹkan bí ìdá kan nínú ẹ̀ ló jẹ́ àlòkù tí wọ́n tún yọ́, kò sì sẹ́ni tó lè fojú yà á sọ́tọ̀, èmi gan-an ò lè yà á.

Àwọn tó tún wá ń bí mi nínú ni àwọn tó ń sọ pé ẹ̀mí wà nínú góòlù olóògbé. Obìnrin kan gbé agolo bísíkíìtì wá lọ́dún tó kọjá, ẹrù ìyá ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, yẹtí tó ṣẹ́ ku ẹyọ kan, ṣéènì tó já, báńgù méjì tó ti tẹ̀, àfáà kan ti ní kó kó gbogbo ẹ̀ wá fóun kóun bá a sọ ọ́ sọ́sà. Mo gbé e sórí sikéèlì lójú ẹ̀, gíráàmù 41, mo fi òkúta àti ásíìdì dán an wò, 22 kárátì ni, ìyẹn ni pé ìdá 22 nínú 24 ẹ̀ ló jẹ́ ojúlówó góòlù. Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sà ò nílò góòlù! Àtàwọn tó ń sọ pé orí àwọn ò gba góòlù torí pé ó ń dúdú lọ́rùn àwọn, bàbà àti fàdákà tí wọ́n lú mọ́ ọn ló ń bá òógùn yín jà, orí yín ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ohun tó jẹ́ kí n máa pariwo ni pé mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù lápá Iléṣà, mo sì fojú ara mi rí i. Oko kòkó tí wọ́n ti gbẹ́ wó, ihò tó jìn ju kànga lọ tẹ́nikẹ́ni ò dí, omi odò tó dà bíi tíì oní mílíìkì. Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé ń wá bọ l'Óṣogbo, tí UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà àgbáyé, kọ orúkọ igbó ẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005, nígbà tó fi máa di 2022 ìjọba ti ń bẹ àwọn tó wá sọ́dún pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fọ iyanrìn yẹn, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń po mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, mọ́ ọn kó lè kó góòlù jọ, wọ́n á wá gbé e kaná kí mẹ́kúrì lè fò lọ, imú wọn ló sì ń gbà wọlé. Ti Zamfara lọ́dún 2010 ńkọ́? Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀ ní òjé tó jẹ́ májèlé nínú, inú ilé ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, ọmọdé tó lé ní 400 ló kú. Ọmọdé o. Tọ́ọ̀nù òkúta kan, gíráàmù díẹ̀ ni wọ́n máa ń rí nínú ẹ̀, ẹ̀yin ẹ sì ní gíráàmù 41 nínú agolo tẹ́ ẹ fẹ́ jù sọ́sà.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa lórí kárátì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ yín jẹ. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n da gbogbo ẹrù pọ̀ sínú ìkòkò kan. Gíráàmù 10 ti 18 kárátì, ẹ da gíráàmù 10 ti 9 kárátì pọ̀ mọ́ ọn, ohun tó máa jáde ni gíráàmù 20 tí ò ju 13 kárátì ààbọ̀ lọ, alágbẹ̀dẹ ojú títì á sì lu 750, tó jẹ́ àmì 18 kárátì, mọ́ ọn lára, á kó o fún yín, ẹ̀yin náà á máa yangàn kiri. Lọ́dọ̀ tèmi, ìkòkò kan fún kárátì kan. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ wò ó. Màá wọn ọ́n lójú yín, màá bu bóráàsì, ìyẹ̀fun tó ń kó ìdọ̀tí kúrò lára ẹ̀, sí i, màá tan gáàsì sí i, títí tó fi máa ká jọ roboto bíi pupa ẹyin, tójú ẹ̀ á máa mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí òróró, ìgbà yẹn ni màá dà á. Eruku tí fáìlì gé sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù, èmi máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi sínú àpò kan ni, pẹpa tí mo fi yún òrùka àti àkísà tí mo fi nuwọ́ ń bẹ níbẹ̀, tó bá dìparí ọdún màá jó o, màá fọ eérú ẹ̀. Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó máa pè é ní ríṣáíkù, ìyẹn àtúnlò.

Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n máa ra góòlù inú ihò yẹn, wọ́n á yọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan pọ̀ mọ́ èyí tó já, wọ́n á ní ríṣáíkù ni. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ gbé tiyín wá fúnra yín.

Góòlù tún wà nínú fóònù, òótọ́ ni. Àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n pín ní Òlíńpíìkì Tokyo, fóònù tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà àti ẹrù iná mìíràn táwọn ará Jàpáàn kó jọ ni wọ́n fi ṣe é, kílò 32 góòlù ló jáde níbẹ̀. Àmọ́ ilé iṣẹ́ ńlá ló yọ ọ́ o! Kì í ṣe yàrá Mushin.

Ọmọ àdúgbò mi kan wo fídíò, ó lọ ra fóònù kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù bí àádọ́ta, ó da nitric acid sínú báàfù ike nínú yàrá, ó ti fèrèsé kí aládùúgbò má bàa gbóòórùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló sáré wá bá mi, "Bàbá, mo ti rí i!" Eruku díẹ̀ ló wà nínú nylon tó mú dání. Ìka ẹ̀ ti yẹ́lò bíi tẹni tó fọwọ́ po gàrí elépo, ó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo bi í bóyá ó rí èéfín pupa rúsúrúsú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ó kún yàrá. Mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó, ọ̀kadà ni mo fi gbé e lọ sí ọsibítù, tipátipá. Èéfín yẹn lè má pa èèyàn lójú ẹsẹ̀, á jẹ́ kẹ́ ẹ relé, kẹ́ ẹ jẹun, lóru ni ẹ̀dọ̀fóró á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kún fómi. Aago kan òru kò lè mí mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lórí ọ́síjìn. Mo wọn eruku ẹ̀, kò pé ìdajì gíráàmù.

Lọ́jọ́ kẹta ìyá ẹ̀ gbé báàfù náà wá bá mi, ásíìdì ṣì wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ó ń bi mí bóyá góòlù ṣì kù níbẹ̀ tàbí kóun dà á sí gọ́tà. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn ọgbà, mo ń fi ṣíbí bu béékìn sódà sí i díẹ̀díẹ̀ láti pa agbára ásíìdì náà títí tí kò fi hó mọ́, mo wá ní kó lọ ṣí fèrèsé yàrá yẹn sílẹ̀, kó má sì sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.