Busan, ìlú tí òkè pín: ohun tí àlejò sábà máa ń bèèrè

Lẹ́yìn Seoul, Busan ló tóbi jù ní Gúúsù Kòríà, ibẹ̀ sì ni èbúté wọn tó tóbi jù lọ wà. Èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Ìlú náà kò ṣòro wọ̀, àmọ́ ó máa ń dá àlejò láàmú, ohun kan náà ló sì sábà máa ń wà nídìí ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Lórí máàpù, ibi méjì súnmọ́ ara wọn. Kí ló dé tí ìrìn náà fi ń gba wákàtí kan?

Òkè ni. Orúkọ ìlú náà gan-an ti tú àṣírí: “bu” ni ìkòkò, “san” ni òkè, òkè tó rí bí ìkòkò. Àárín àwọn òkè àti etí òkun nìkan ni ilẹ̀ tó tẹ́jú wà. Ibẹ̀ ni ilé fún mọ́ra sí, ọ̀nà àti rélùwéè sì ní láti yí òkè po tàbí kí wọ́n lu inú rẹ̀ já.

Nítorí náà, ẹ má wo Busan bí ìlú tó ní àárín kan. Ẹ wò ó bí ìlú mẹ́ta tó fara kọ́ra. Ìlú àtijọ́ wà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn: Nampo, ọjà Jagalchi, àdúgbò Gamcheon àti erékùṣù Yeongdo. Seomyeon wà láàárín, ibẹ̀ ni ọ̀nà rélùwéè kìíní àti èkejì ti pàdé. Ìlà oòrùn ni etíkun Gwangalli àti Haeundae wà, títí dé tẹ́ńpìlì Haedong Yonggungsa. Láti ibùdókọ̀ Busan sí Haeundae, ẹ máa wọ ọ̀nà kìíní dé Seomyeon, ẹ ó sì bọ́ sí ọ̀nà kejì. Ẹ ka àádọ́ta ìṣẹ́jú sí i. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn lọ sí Yonggungsa láàárọ̀, Gamcheon lọ́sàn-án, Gwangalli lálẹ́. Ọjọ́ yẹn á tán sínú rélùwéè. Ẹ̀gbẹ́ kan, ọjọ́ kan: bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rọrùn.

Ibo ló wá yẹ kí a sùn sí?

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ méjì, tí òkun lẹ bá wá, Gwangalli ni. Haeundae lórúkọ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó jìnnà jù ú lọ pẹ̀lú. Bí ẹ bá máa lo ọjọ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Seomyeon ló dáa jù lójú tiwa: kò sí òkun níbẹ̀ o, àmọ́ kò sí ibi tí kò ṣeé dé láti ibẹ̀ láìlàágùn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí rélùwéè ní kùtùkùtù, kó sùn sí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ Busan.

Ṣé Pusan àti Busan kì í ṣe ìlú méjì?

Ìlú kan náà ni. Lọ́dún 2000 ni ìjọba Kòríà yí bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà ABD kọ èdè wọn padà, ni “P” fi di “B”. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ṣì ń kọ PUS. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n ti ta tíkẹ́ẹ̀tì ìlú mìíràn fún òun.

Báwo la ṣe ń débẹ̀?

Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó gbéra. Ilé iṣẹ́ aṣojú Kòríà wà ní Abuja. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń balẹ̀ sí Incheon, pápákọ̀ òfurufú ńlá tó wà nítòsí Seoul, wọ́n á wọ rélùwéè pápákọ̀ òfurufú dé ibùdókọ̀ Seoul, wọ́n á wá wọ KTX, rélùwéè ayára. KTX máa ń dé Busan láàárín wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, owó àga lásán sì jẹ́ bíi 59,800 won (owó Kòríà nìyẹn). Bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń lo ju wákàtí mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n Nopo ló ń já èrò sí, ní ìparí ọ̀nà kìíní níhà àríwá. Ẹni tó rò pé òun ti dé, ìrìn bíi wákàtí kan ṣì kù fún un kó tó rí òkun.

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì KTX ṣáájú fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àìkú. Ní àsìkò Seollal, ọdún tuntun wọn, àti Chuseok, ọdún ìkórè, gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń lọ sílé lẹ́ẹ̀kan náà. Tíkẹ́ẹ̀tì á tán, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ á sì tilẹ̀kùn.

Bí ọkọ̀ òfurufú bá já wa sí Gimhae, tí í ṣe pápákọ̀ Busan fúnra rẹ̀, ńkọ́?

Ẹ jáde síta, ẹ wọ rélùwéè kékeré tí kò ní awakọ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Sasang sí: ìdúró mẹ́ta péré ni, ẹ ó sì bá ọ̀nà kejì níbẹ̀. Òdìkejì ń lọ sí ìlú Gimhae, ó sì ń kọjá ní Daejeo, níbi tí ọ̀nà kẹta wà. Ẹni tó bá sáré wọ èyí tó kọ́kọ́ dé láìwo orúkọ, kò níí pẹ́ kó tó máa rí oko dípò ìlú.

Káàdì wo la máa ń lò nínú ọkọ̀?

T-money, tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kéékèèké bíi GS25 àti CU. Owó pélébé ni kí ẹ fi kún un, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń gba káàdì báǹkì òkèèrè. Ẹnì kan, káàdì kan. Owó rélùwéè jẹ́ bíi 1,600 won bí ìrìn náà kò bá ju kìlómítà mẹ́wàá lọ, ó sì ń lé díẹ̀ bó bá jù bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ tún fi káàdì náà kan ẹ̀rọ. Ìyẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n dín owó ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e kù, bí ẹ bá wọ̀ ọ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá gbàgbé, á san owó tuntun.

Ohun kan tún wà. Ní àwọn ibùdó ọ̀nà kìíní kan, ẹnu ọ̀nà tí ẹ bá gbà wọlé, ìhà kan ṣoṣo ló ń kó yín lọ. Ẹ ka orúkọ ìdúró tó kẹ́yìn lókè ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó fi káàdì kàn án.

Google Maps kọ̀, kò júwe ọ̀nà fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Fóònù wa ló bàjẹ́ ni?

Rárá o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba Kòríà fi dí máàpù kíkún lọ́wọ́ kó má jáde kúrò lórílẹ̀-èdè wọn, nítorí ààbò. Naver Map tàbí KakaoMap ni àwọn ará ibẹ̀ ń lò. Ẹ gbé e sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, ẹ fura: ọ̀ọ́dúnrún mítà lórí máàpù lè jẹ́ àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rajà, tí wọ́n tún ń jẹun, ní Jagalchi?

Níbí ni owó àlejò ti sábà máa ń ya á lẹ́nu. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdó Jagalchi lórí ọ̀nà kìíní, ẹ gba ẹnu ọ̀nà kẹwàá. Ìsọ̀ wà lẹ́bàá títì, àwọn ìyá ẹlẹ́ja ló ni ín; ilé ọjà ńlá náà sì wà létí omi. Nísàlẹ̀ ilé yìí, ẹja ń wẹ̀ láàyè nínú ọpọ́n. Ẹ bèèrè iye tí kílò kan jẹ́ nígbà tí ẹja ṣì wà nínú omi. Ẹ wo òṣùwọ̀n bí wọ́n ṣe ń gbé e lé e. Ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí gbogbo owó náà kí ọ̀bẹ tó kàn án, nítorí bí wọ́n bá ti gé e, ọ̀rọ̀ ti parí.

Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí ẹ gòkè lọ jẹ ẹ́. Owó kejì nìyẹn. Orí kọ̀ọ̀kan ló ń san owó tábìlì, òun ni wọ́n fi ń gbé ewé, aáyù àti ata gígún síwájú yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fi egungun àti orí ẹja náà se ọbẹ̀ ata, maeuntang, owó kẹta nìyẹn. Kì í ṣe jìbìtì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ bèèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣáájú. Yíyọwó kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ènì ń ṣiṣẹ́: “deom” ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rín músẹ́ àti ọ̀rọ̀ kan yẹn sì lè fi ìgbín òkun kan tàbí méjì kún ọjà yín.

Ẹni tó bá dán ẹsẹ̀ ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n gé láàyè wò, kó jẹ ẹ́ kúnná dáadáa. Ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, ó sì ti há àwọn kan lọ́fun rí. Ilé ọjà náà máa ń sinmi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kìíní àti ẹ̀kẹta nínú oṣù.

Oúnjẹ wo ló jẹ́ ti Busan gan-an?

Dwaeji gukbap: ìrẹsì nínú omi ọbẹ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ funfun. Wọn kì í fi iyọ̀ tó sí i, ìdí nìyẹn tí àlejò fi ń sọ pé kò dùn. Ẹ̀yin lẹ máa parí sísè rẹ̀ lórí tábìlì: ẹ fi edé oníyọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí i, ẹ tọ́ ọ wò, ẹ da ewé buchu tó jọ ewé àlùbọ́sà lé e, kí ẹ tó fi ata kún un. Ẹni tí kò fẹ́ kí ìrẹsì wú nínú omi, kó ní “ttaro”, wọ́n á bù ú lọ́tọ̀. Èkejì ni milmyeon, oúnjẹ bí índómì, tútù nini. Nígbà ogun Kòríà, 1950 sí 1953, àwọn tó sá wá láti àríwá kò rí ọkà tí wọ́n fi ń ṣe tiwọn nílé; ìyẹ̀fun àlìkámà tí Amẹ́ríkà fi ṣe ìrànwọ́ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Mùsùlùmí kò níí fọwọ́ kan gukbap. Kí ó mọ̀ pé omi ọbẹ̀ milmyeon náà lè ní ẹran nínú. Ẹja yíyan ló fọkàn balẹ̀ jù. Mọ́sálásí ńlá kan wà nítòsí ibùdó Dusil, lórí ọ̀nà kìíní.

Kí ló yẹ ká mọ̀ nípa Gamcheon?

Èèyàn ló ń gbé inú àwọn ilé aláwọ̀ mèremère yẹn. Àwọn tí ogun lé wá ló kọ́ ọ sára òkè, lọ́dún 2009 ni iṣẹ́ ọnà ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má yọjú sí fèrèsé onífèrèsé, ẹ sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdó Toseong lórí ọ̀nà kìíní, ẹnu ọ̀nà kẹfà, ẹ wọ bọ́ọ̀sì kékeré. Ẹni tó bá ní òun á fẹsẹ̀ gùn ún á kábàámọ̀ ní ìdajì.

Ṣé a lè wẹ̀ nínú òkun?

Ìgbà ooru wọn nìkan ni, nígbà tí àwọn aṣọ́nà òkun bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Haeundae máa ń ní ìṣàn omi tó ń fa èèyàn lọ sí ọ̀gbun. Bó bá gbá yín mú, ẹ má bá a jà. Ẹ wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú etíkun, títí ìfà náà á fi dẹ̀. Àwọn tó mú ọmọdé dání, etíkun Dadaepo ni kí wọ́n lọ, omi ibẹ̀ kò jìn. Ní Gwangalli, drone máa ń fò lókè òkun lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí afẹ́fẹ́ bá gbà.

Nǹkan wo ni àlejò sábà máa ń fò dá?

Ibojì àjọ UN ní Daeyeon, lórí ọ̀nà kejì. Ọdún 1951 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì àti ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ogun tó sùn níbẹ̀, láti orílẹ̀-èdè tó lé ní mẹ́wàá, Gúúsù Áfíríkà sì wà nínú wọn. Wọn kì í gba owó ìwọlé.

Ṣé a lè gba Busan kọjá sí Jàpáánì?

Ọkọ̀ ojú omi wà, èbúté rẹ̀ kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Busan. Erékùṣù Tsushima kò ju bíi àádọ́ta kìlómítà lọ; bí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ lè rí i láti Taejongdae, ní erékùṣù Yeongdo. Ṣùgbọ́n ẹ wo físà Kòríà yín ná. Bó bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, ó parí nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra. Ọkọ̀ òfurufú ìpadàbọ̀ tí ẹ ti rà láti Busan kò níí wúlò mọ́.