Ìgbà tí ó yẹ kí a pààrọ̀ irin gọ́ọ̀fù

Ọ̀pá 14 ni òfin gọ́ọ̀fù gbà kí ẹnì kan kó sínú àpò lọ sórí pápá, irin, ìyẹn ọ̀pá tí orí rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ, ni ó sì máa ń pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí pé odidi sẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sábà máa ń tà, owó tí ń bá a lọ kì í ṣe kékeré, pàápàá láyé tí owó náírà kò dúró lójú kan. Ìdí nìyí tí àwọn agbágọ́ọ̀fù Abẹ́òkúta fi máa ń jiyàn lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jókòó sábẹ́ ibòji lẹ́yìn ihò kejìdínlógún tí ó kẹ́yìn eré: àwọn kan ní ọdún márùn-ún ti tó, àwọn mìíràn ní ó di ìgbà tí irin bá kán. Ohùn méjèèjì ni ó ṣi ọ̀nà. Ọdún nìkan kì í pa irin. Ilẹ̀ tí a ti ń fi í gbá bọ́ọ̀lù, iye bọ́ọ̀lù tí ó ti kàn án, àti bí a ṣe tọ́jú rẹ̀ ni ó ń pa á, wọn kì í sì í pa gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ojú irin ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fín sí i kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tí irin bá kan bọ́ọ̀lù, wọn kì í wà pọ̀ ju nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ, síbẹ̀ láàárín àkókò kékeré yẹn ni ojú irin gbọ́dọ̀ di ara bọ́ọ̀lù mú, kí ó sì mú kí ó máa yí sẹ́yìn bí ó ti ń fò lọ. Bí omi tàbí oje koríko bá bọ́ sáàárín wọn, àwọn ìlà wọ̀nyí ni ó ń gbà á, gẹ́gẹ́ bí gọ́tà ṣe ń gba omi òjò kúrò lójú títì, kí irin àti bọ́ọ̀lù lè fara kanra. Yíyí sẹ́yìn yìí ni ó ń gbé bọ́ọ̀lù ró lókè, òun náà ni ó sì ń dá a dúró nígbà tí ó bá balẹ̀ sórí gíríìnì, ìyẹn koríko tí a gé mọ́lẹ̀ gan-an yí ihò ká. Lọ́wọ́ àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, bọ́ọ̀lù tí a fi irin 7 gbá (bí nọ́ńbà irin bá ṣe pọ̀ tó ni ojú rẹ̀ ṣe ń dà sẹ́yìn tó) máa ń yí tó nǹkan bí 7,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan.

Bí etí àwọn ìlà náà bá ti jẹ tán, bọ́ọ̀lù yóò máa yọ̀ lójú irin dípò kí ó di mọ́ ọn. Láti orí koríko gbígbẹ tí a gé mọ́lẹ̀, ìyàtọ̀ náà lè má hàn rárá. Láti inú koríko gíga tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ni àṣírí ti ń tú: bọ́ọ̀lù yóò fò jìnnà ju bí a ti ṣírò rẹ̀ lọ, yóò balẹ̀, yóò sì máa yí lọ títí yóò fi kọjá gíríìnì. Ẹni tí ó ni irin náà yóò máa dá ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́bi, yóò máa yí bí ó ṣe ń gbá padà, bẹ́ẹ̀ irin ni ó ti gbó.

Irú ilẹ̀ tí Abẹ́òkúta tẹ̀dó sí mú kí ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará ibẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Òkúta líle bíi ti Olúmọ ni ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà, nígbà tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ bá sì ti fọ́ wẹ́wẹ́ láti ìgbà pípẹ́ wá, hóró funfun dídán tí wọ́n ń pè ní kúọ́tìsì ni ó ń ṣẹ́ kù sínú iyanrìn. Hóró yìí kan náà ni àwọn bíríkìlà ń rí nínú iyanrìn tí wọ́n ń kó láti odò Ògùn. Lórí òṣùwọ̀n Mohs, tí ó fi líle òkúta hàn láti 1 dé 10, orí 7 ni kúọ́tìsì wà, nígbà tí irin rírọ̀ tí wọ́n fi ń rọ púpọ̀ nínú irin gọ́ọ̀fù kì í sábà kọjá 5. Awọ kúróòmù tí ó bo irin náà le dáadáa, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín, bí ó bá sì ti ṣí tán níbì kan, iyanrìn ti rí ẹran jẹ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí a bá gbá bọ́ọ̀lù kúrò nínú kòtò iyanrìn, tàbí tí irin bá ha ilẹ̀ gbígbẹ nígbà ọ̀ẹ̀rùn tí koríko ti gbẹ dànù, ńṣe ni a ń fi yéépìrì họ ojú irin náà díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, irin kì í gbó bákan náà. Irin 9 àti àwọn wẹ́ǹjì, ìyẹn àwọn irin tí ojú wọn dà sẹ́yìn jù lọ, tí a ń lò ní ọ̀pọ̀ ihò tí a sì ń kì bọnú iyanrìn, ni ó ń kọ́kọ́ gbó. Irin 4 lè wà bí ẹni pé ọjọ́ kejì tí a rà á ni. Èyí ni ó fún wa ní ọ̀nà àyẹ̀wò tí ó dára jù, tí kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí a fọ irin méjèèjì pẹ̀lú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì oníke, kí a nù wọ́n gbẹ, kí a wá fi èékánná fa ojú wọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Lójú irin 4, èékánná yóò máa há sí etí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kàn ń yọ̀ kọjá lójú wẹ́ǹjì, pàápàá láàárín gbùngbùn ibi tí bọ́ọ̀lù ti máa ń kàn án, ìlà náà ti lọ. Lẹ́yìn èyí, kí a gbé bọ́ọ̀lù tuntun mẹ́wàá kalẹ̀ sórí koríko tútù ní ààrọ̀, kí a gbá wọn sórí gíríìnì kan náà, kí a sì wo bí wọ́n ṣe ń dúró. A kò gbọ́dọ̀ fi bọ́ọ̀lù àtijọ́ dán an wò, torí pé awọ tirẹ̀ náà lè ti gbó.

Àwọn kan máa ń ra irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń họ ìlà náà padà. Ewu wà níbẹ̀. Òfin kò gbà kí ìlà fẹ̀ ju nǹkan bí 0.9 mìlímítà lọ tàbí kí ó jìn ju nǹkan bí 0.5 mìlímítà lọ, láti ọdún 2010 sì ni òfin ti ń dín bí etí rẹ̀ ṣe lè mú tó kù lára àwọn irin tí ojú wọn dà sẹ́yìn tó dìgírì 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ lásán kò lè wọn èyí. Alágbẹ̀dẹ Ẹ̀gbá mọ irin dunjú, alùrinmọ́rin náà mọṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n iná tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ yóò ṣí awọ kúróòmù, yóò sì yọ́ gọ́ọ̀mù tí ó so orí irin mọ́ ọ̀pá.

Ohun kan wà tí ojú kò lè rí. Irin tí wọ́n fi òòlù rọ máa ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń kan ilẹ̀ líle tàbí kápẹ́ẹ̀tì pápá ìdánrawò. Èyí tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòṣe sábà máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí dìgírì méjì bá dín lára bí ojú irin 8 ṣe dà sẹ́yìn, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sún mọ́ ibi tí irin 7 ń dé, àlàfo tó yẹ kó wà láàárín wọn yóò sì dín kù. Ẹni tí ó bá ń gbá léraléra yẹ kí ó gbé irin rẹ̀ lọ fún wíwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ó bá yẹ̀, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ padà sí ààyè rẹ̀, kò sì ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Irin bẹ́ẹ̀ kò tíì gbó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdìmú rẹ̀. Rọ́bà tí òógùn àti oòrùn ti sọ di líle máa ń mú kí ọwọ́ fún irin jù, bọ́ọ̀lù yóò sì máa yà kúrò lọ́nà. Ìdìmú tuntun nìkan ni ìwòsàn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ti ra sẹ́ẹ̀tì tuntun nígbà tí rọ́bà lásán ń yọ wọ́n lẹ́nu. Orí irin tí ń mì náà, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ni ó sábà máa ń ti rẹ̀, torí pé bọ́ọ̀tù mọ́tò tí a páàkì sínú oòrùn oṣù kejì lè gbóná débi tí yóò fi máa ba gọ́ọ̀mù jẹ́ díẹ̀díẹ̀; kí a má ṣe lò ó títí tí wọ́n yóò fi lẹ̀ ẹ́ padà. Ọ̀pá náà ni kí a má fojú kékeré wò: èyí tí ó dógùn-ún láti inú, tàbí ọ̀pá gíráfáìtì (èyí tí kì í ṣe irin, tí ó fúyẹ́) tí ó là, lè kán lójijì kí ó sì ṣe ẹlòmíràn léṣe.

Nígbà tí ó bá wá di dandan láti ra tuntun, kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀tì ni ó gbọ́dọ̀ lọ. Bí wẹ́ǹjì méjì nìkan bá gbó, wẹ́ǹjì méjì ni kí a rà. Ohun tí ó tó láti mú kí a pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ni pé ara ẹni ti yí padà: ọ̀dọ́ ti ga sí i, tàbí àgbàlagbà kò ní agbára tí ó fi ń gbé ọ̀pá tó wúwo mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì torí pé irin 7 tuntun jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sanwó. Irin 7 àtijọ́ sábà máa ń dà sẹ́yìn tó dìgírì 34, ọ̀pọ̀ ti òde òní kò sì ju 30 lọ, nítorí náà irin 6 àná ni wọ́n kọ 7 sí lára. Ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀ ní láti ṣe àyẹ̀wò èékánná yẹn sára irin 9 àti wẹ́ǹjì níṣojú ẹni tí ń tà á, kí ó wo nọ́ńbà tí ó wà lọ́rùn irin nítorí ayédèrú, kí ó sì gbé irin kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú láti rí i pé igun tí wọ́n dúró sí tẹ̀ léra bó ti yẹ láti orí irin kan dé èkejì, kí ó tó mú owó jáde.