Kí ni à ń pè ní oko alájẹṣẹ́kù ẹbí?

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti là á yé wa bí a bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ: a jẹ, ó sì ṣẹ́ kù. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí gbogbo ẹnu ti jẹ ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ń dúró. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn gbé òfin àkọ́kọ́ jáde fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi jọ ta kòkó wọn.

Oko alájẹṣẹ́kù ẹbí ni oko tí ọmọ ìyá, ọmọ bàbá, aya ilé àti àwọn ọmọ tó ti dàgbà pawọ́ pọ̀ dá, tí wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé nǹkan lọ sọ́jà, tí wọ́n sì ń pín èrè rẹ̀ bí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Àáró kọ́ nìyẹn o. Nínú àáró, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, oníkálukú ló sì ń kó ìkórè rẹ̀ relé. Kì í ṣe ọ̀wẹ̀ náà, nítorí ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á se oúnjẹ fáwọn èèyàn, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn á sì parí síbẹ̀. Kì í sì í ṣe oko bàbá, níbi tí gbogbo ọmọ ti ń roko tí bàbá nìkan sì ń gba owó kòkó. Nínú oko alájẹṣẹ́kù, ohùn kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nígbà ìpàdé, ìbáà jẹ́ ẹni tó dá owó tó pọ̀ jù tàbí ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí. Èyí máa ń le fún wa nílé Yorùbá, pàápàá bí ẹ̀gbọ́n àgbà bá wà ní ìjókòó. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ kí i kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ká dìbò, ẹ ka ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan mẹ́ta ló para pọ̀ di oko yìí: ilẹ̀, owó, iṣẹ́. Ẹ má pò wọ́n pọ̀ nínú ìwé kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ kàn ń lò ó ni. Bí ẹbí yín bá ń pín ogún ní ìdí-igi, ìyẹn ni pé ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdí kan, ẹ rí i pé àgbà kan láti ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú olórí ẹbí. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ìyẹn ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń gba tirẹ̀ dọ́gba, kí àwọn ọmọ fọwọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ iye eéka, ààlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti iye ọdún sínú rẹ̀. Iye ọdún yìí ló ń sọ ohun tí ẹ lè gbìn. Kòkó á gba bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó so, ó sì lè máa so fún ọgbọ̀n ọdún. Tí wọ́n bá fún yín nílẹ̀ fún ọdún márùn-ún, tí ẹ gbin kòkó, ẹjọ́ lẹ gbìn. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, iṣu àti ẹ̀fọ́ ló bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu. Ẹ ṣọ́ra fún ilẹ̀ tó ti sún mọ́ ìgboro ní ìhà Ọ̀bà-Ilé, nítorí ilé ń jẹ oko lọ síbẹ̀. Ìhà Ìdànrè, Bọ́lọ́rundúró tàbí Ìta-Ògbólú lọ́kàn àgbẹ̀ ti lè balẹ̀ díẹ̀.

Ìwé iṣẹ́ ni kókó gbogbo rẹ̀. Ẹ ra ìwé líla kan tí páálí rẹ̀ le, kẹ́ ẹ fa ìlà márùn-ún sójú ewé rẹ̀: ọjọ́, orúkọ, iṣẹ́, odindi tàbí ààbọ̀, àti àmì ọwọ́. Kí ẹbí fẹnu kò lórí ohun tó ń jẹ́ odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan. Láti aago méje àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán ló tọ́ lójú tiwa, torí oòrùn Àkúrẹ́ kì í jẹ́ kí iṣẹ́ gidi lọ kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dé ní aago mẹ́wàá gba ààbọ̀. Orí oko ni kẹ́ ẹ ti kọ ọ́, lójú gbogbo èèyàn, kó tó di pé ẹ tú ká, nítorí ohun tí a bá ní ká kọ tó bá dalẹ́ máa ń di àríyànjiyàn lọ́jọ́ kejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣìṣe ni pé ọkọ́ àti àdá nìkan ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́. Màmá tó jókòó sídìí òkìtì ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀, tó ń fi ọ̀bẹ bó o, tí omi ẹ̀gẹ́ ti jẹ ìka rẹ̀ funfun, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹni tó yan gààrí nínú èéfín, ẹni tó se oúnjẹ oko, bàbá àgbàlagbà tó ń lé ẹyẹ kúrò lórí àgbàdo: ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Bí ìwé bá ti fo iṣẹ́ obìnrin dá, ẹ ti ń fi ọwọ́ ara yín tú oko yín.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò oúnjẹ. Eéka kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 mítà onígun mẹ́rin. Bí ẹ bá gbin ẹ̀gẹ́ ní mítà kan sí mítà kan, ìdí 4,000 ni. Ẹ gé igi ẹ̀gẹ́ ní gígùn bí 20 sí 25 sẹ̀ǹtímítà, kó ní ojú márùn-ún sí méje, kó sì wá láti ara igi tó ti pé oṣù mẹ́jọ ó kéré tán. Ẹ má gé e lára igi tí ewé rẹ̀ ti ká jọ tó ní àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú, àìsàn ewé lẹ ń kó lọ sí oko tuntun yẹn. Ká má tan ara wa, ká fojú bù ú sí kílò kan péré lórí ìdí kan: 4,000 kílò nìyẹn. Kílò mẹ́rin sí márùn-ún ẹ̀gẹ́ tútù ló ń di kílò gààrí kan, nítorí náà eéka yẹn á fún yín ní gààrí 800 sí 1,000 kílò. Tí ẹ bá pín 800 sí ọjọ́ 365, ó lé díẹ̀ ní kílò méjì lójúmọ́. Ìyẹn lè tó ẹnu mẹ́wàá. Bí ẹnu bá lé ní ogún, eéka kan ò lè bọ́ wọn kí ẹ tún rí èyí tẹ́ ẹ máa tà, ẹ kúkú sọ ọ́ ní gbangba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbìn ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdajì ní April, ìdajì ní September, kí ìkórè má bàa kó jọ sójú kan.

Àgbàdo lè wọ àárín ẹ̀gẹ́ bí òjò bá ti dúró dáadáa ní ìparí March tàbí April. Láti 2016 ni kòkòrò ìdin tó ń jẹ àárín àgbàdo ti wọ Nàìjíríà, ẹ máa la àárín ewé wò ní àárọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tó bá hù. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí ìdin ti jẹ ewé tán, oògùn kò ní bá a mọ́.

Ẹran ọ̀sìn ni ó ń so oko pọ̀. Òbúkọ kan tó fún ogún ewúrẹ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí ẹ bó ni oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n ẹ sá a sóòrùn ọjọ́ méjì mẹ́ta kó gbẹ, nítorí májèlé wà nínú èyí tó tutù, ó sì lè pa ewúrẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ náà, ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, kó jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó dà á sídìí ẹ̀fọ́. Tí ó bá ṣì gbóná, á jó gbòǹgbò.

Ẹ wọn gbogbo oúnjẹ kó tó wọlé. Ilé kọ̀ọ̀kan ní kóńgò tirẹ̀ lọ́sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iye ẹnu tó wà níbẹ̀. Èyí tí ilé kan bá kó kọjá ìyẹn, ẹ kọ ọ́ ní iye tí wọ́n ń tà á lóko, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú èrè ilé náà.

Ìgbà pípín èrè ni ẹ máa mọ̀ bóyá ìwé yín dáa. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ₦600,000 ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a yọ owó irúgbìn, katakata, oògùn àti lébìrà. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Nàìjíríà ti 1993 ní ká kọ́kọ́ fi ìdá kan nínú mẹ́rin, ₦150,000, sí àpò ìpamọ́. Nínú ₦450,000 tó kù, ká ní ẹbí ti fẹnu kò pé ìdá kan nínú mẹ́ta máa lọ sórí owó tí wọ́n dá, ìdá méjì sórí iṣẹ́. ₦150,000 lórí ìpín 30, ìyẹn ẹyọ owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá, jẹ́ ₦5,000 fún ìpín kan. ₦300,000 lórí ọjọ́ iṣẹ́ 400 jẹ́ ₦750 fún ọjọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó, tó ní ìpín mẹ́fà tí kò sì fọwọ́ kan ọkọ́, á gba ₦30,000. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà nílé, tó ní ìpín méjì àti ọjọ́ iṣẹ́ 90, á gba ₦77,500. Kì í ṣe owó iṣẹ́ ojúmọ́ lèyí, orí oúnjẹ tí ó ti jẹ láti ọdún tó kọjá ló ń gùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan ní ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìpín lọ. Bí ìpín bá pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, oko á padà di oko rẹ̀.

Láti forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin 1993, ẹ nílò ènìyàn mẹ́wàá ó kéré tán, ìwé òfin ẹgbẹ́, àti àkáǹtì báńkì. Kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí owó, kí wọ́n má sì jẹ́ tọkọtaya.

Ẹni tó bá fẹ́ kúrò, ẹ má dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé lẹ́yìn ìkórè ni yóò gba ìpín rẹ̀, ìdajì lọ́dún yẹn, ìdajì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ ní May, owó irúgbìn ló ń fà lọ. Ẹ sì fi ojú ewé kan sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ìwé ìpín, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹni tó máa gba ìpín rẹ̀ bí òun ò bá sí mọ́, kí ó fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì láti ìdí-igi míràn sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú.