Bí kòkòrò alámì ṣe ń gbé lórí ewé, àti ohun tí ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn

Ẹni tó bá ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà tó ń yọ ọ̀mùnú lọ́wọ́, tó sì yí ewé rẹ̀ wò láàárọ̀, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí àwọn kòkòrò dúdú wínníwínní tí wọ́n rọ́ mọ́ ara wọn lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà, bí ẹni tó da èédú lílọ̀ sí i lára. Áfíìdì ni wọ́n. Láàárín wọn, kòkòrò róbótó kan lè máa rìn, tí kò tó hóró ẹ̀wà kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí ẹni tó fi epo pa á. Ara rẹ̀ dúdú, àwọn àmì pupa tàbí aláwọ̀ ọsàn wà lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn nínú àwọn àmì náà sì tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ladybird ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí tóótòòtó ni gbogbo ènìyàn fi ń dá a mọ̀, kòkòrò alámì ni a óò máa pè é níhìn-ín.

Oríṣi rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti kà káàkiri àgbáyé tó nǹkan bí 6,000. Èyí tí a ṣàpèjúwe yìí, Cheilomenes lunata, wọ́pọ̀ gan-an nílẹ̀ Áfíríkà. Ti Yúróòpù, pupa tó ní àmì dúdú méje, ni àwòrán rẹ̀ kún inú ìwé àwọn ọmọdé, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kòkòrò òyìnbó ni, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé tiwa náà ni irú rẹ̀ wà.

Oúnjẹ ló ń gbé e wá. Omi aládùn inú iṣan ewé ni áfíìdì ń fi ẹnu rẹ̀ tó dà bí abẹ́rẹ́ fà mu, ẹnu yìí kan náà ló sì fi ń gbé àrùn fáírọ́ọ̀sì láti ara ẹ̀wà kan dé ara òmíràn. Ṣúgà inú omi náà pọ̀ ju ohun tí ara rẹ̀ lè lò, nítorí náà a máa ṣu omi ṣúgà jáde, omi ọ̀hún a lẹ̀ mọ́ ewé, nǹkan dúdú bí èédú a sì hù lé e lórí. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, abo áfíìdì kò nílò akọ kó tó bímọ, ọmọ ààyè ló sì ń bí dípò ẹyin. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ tí a bí lónìí ti ń di ìyá. Òórùn ewé tí wọ́n ti gún àti òórùn omi ṣúgà wọn wà lára ohun tí kòkòrò alámì fi ń mọ̀ pé oúnjẹ wà níbẹ̀.

Bó bá balẹ̀ tán, ojú rẹ̀ kì í ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, àfi kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu áfíìdì kó tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìrìn rẹ̀ ló fi ń dí àbùkù ojú rẹ̀. Nígbà tí kò bá tíì rí nǹkan kan, a máa yára lọ tààrà, a máa gun igi lọ sókè, a máa tọ etí ewé àti iṣan ewé. Gbàrà tó bá ti mú ẹyọ kan jẹ, ìrìn náà a yí padà: a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, a máa ṣẹ́rí sọ́tùn-ún, a máa ṣẹ́rí sósì, nítorí pé áfíìdì kì í dá gbé, ibi tí ọ̀kan bá wà ni ìyókù wà. Bí àkókò díẹ̀ bá kọjá tí kò rí òmíràn, a tún gba iwájú lọ. Àgbà kòkòrò alámì kan lè jẹ áfíìdì tó 50 lójúmọ́ bí oúnjẹ bá pọ̀. Bí oúnjẹ bá wọ́n, a máa fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó gbé ẹ̀mí ró, pàápàá èyí tí ń dà sílẹ̀ láti orí ìrùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo, àwọn àgbẹ̀ tí ń gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo sì ti ń tọ́jú oúnjẹ ìgbà ọ̀wọ́n fún un láìmọ̀.

Abẹ́ ewé, nítòsí ọ̀wọ́ áfíìdì, ni abo ń yé ẹyin sí. Ẹyin náà pọ́n bí ìyeyè, wọ́n dúró lóòró, wọ́n sì fara ti ara wọn ní ìdìpọ̀ kékeré. Nínú ọ̀pọ̀ oríṣi rẹ̀, abo kì í fẹ́ yé ẹyin síbi tó bá ti gbọ́ òórùn ipasẹ̀ ọmọ kòkòrò alámì mìíràn, nítorí pé àwọn ọmọ náà yóò jẹ oúnjẹ ibẹ̀ tán, wọ́n sì lè jẹ ẹyin pẹ̀lú.

Ara àwọn ọmọ tí ẹyin yìí ń pa ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Kò sí ohun tí wọ́n fi jọ ìyá wọn. Ọmọ kòkòrò alámì gùn, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yọ síta, ara rẹ̀ dúdú tàbí aláwọ̀ eérú pẹ̀lú àmì funfun tàbí ti ọsàn, ó sì rí gbágungbàgun bíi ti ọ̀nì. Kò róbótó, kò dán, kò sì ní apá tó lè fi fò. Ẹni tí a kò bá fi hàn rí kò ní í gbà pé inú kòkòrò ẹlẹ́wà yẹn ló ti jáde. Àgbẹ̀ tó bá bá a lórí ẹ̀wà rẹ̀ yóò rò pé òun rí ọ̀tá, àtàǹpàkò ni yóò sì fi tẹ̀ ẹ́ pa. Ó dunni púpọ̀, nítorí pé ọmọ yìí ni òṣìṣẹ́ náà gan-an: kò lè fò lọ síbòmíràn, orí igi tí wọ́n bí i sí ni yóò ti jẹun títí yóò fi dàgbà, ó sì lè jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún áfíìdì kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹni tó bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fara balẹ̀ wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Yóò rí i pé ó ń ju orí sọ́tùn-ún sósì bó ti ń lọ, àti pé ó ń fi ìdí lẹ̀ mọ́ ewé kó má baà jábọ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá kan áfíìdì, a gbá a mú ní ẹsẹ̀ tàbí ní ìhà, a gbé e sókè kúrò lórí ewé, ẹsẹ̀ áfíìdì a máa jà lófurufú, òun a sì máa fa omi inú rẹ̀ mu títí yóò fi ku awọ òfìfo. Èyí tó ti dàgbà díẹ̀ kì í ṣẹ́ awọ kù, odindi ló ń rún. Bí áfíìdì bá tán pátá, àwọn ọmọ náà a kọjú sí ara wọn, alágbára a sì pa ọ̀lẹ jẹ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ ń bọ́ awọ bó ti ń dàgbà. Lẹ́yìn náà ni yóò lẹ ìdí mọ́ ewé, yóò ká kò, yóò sì dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ti kú, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, a jà pìtì. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àgbà a jáde láti inú èèpo náà. Apá rẹ̀ rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀, kò sì ní àmì kankan. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà ni apá ń le, tí àmì sì ń hàn. Iye àmì tó bá ní lọ́jọ́ náà ni yóò ní títí ọjọ́ ikú, kì í ṣe iye ọdún rẹ̀. Níbi tí ooru bá wà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni gbogbo ìrìn yìí láti inú ẹyin.

Ọ̀tá tó ń dà á láàmú jù lórí ewé ni èèrà. Omi ṣúgà tí áfíìdì ń ṣu, oúnjẹ èèrà ni, nítorí náà èèrà a máa ṣọ́ áfíìdì bí darandaran ṣe ń ṣọ́ màlúù. Bí kòkòrò alámì bá sún mọ́ ọ̀wọ́ náà, wọn a kọlù ú, wọn a máa bu ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ, wọn a sì lé e títí yóò fi jábọ́ tàbí kó fò lọ. Àgbà a máa fa ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ abẹ́, a sì so ara rẹ̀ mọ́ ewé gírígírí bí ìjàpá tó wọ inú igbá rẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò ní igbá ni ìyà náà ń pọ̀ fún. Igi tí èèrà bá ń gùn lọ gùn bọ̀ láìdáwọ́ dúró, tí áfíìdì rẹ̀ kò sì dín kù, èèrà ni kí a kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí.

Bí kòkòrò alámì bá bà lé ènìyàn, kò ní ẹjọ́ kankan bá a rò. Aṣọ tàbí ọwọ́ jẹ́ ibi ìbàlé lásán fún un. Bí a bá gbé e sórí ìka, a gun ìka náà lọ sí ṣóńṣó. Bí a bá yí ìka sódì, òun náà a yíjú padà, a tún forí lé òkè. Bó ṣe ń gun ọ̀mùnú ẹ̀wà nìyẹn, nítorí pé orí ọ̀mùnú ni áfíìdì ń gbé jù, ibẹ̀ náà ló sì ti rọrùn láti gbéra. Ní ṣóńṣó ìka, a la apá líle méjèèjì sọ́tọ̀, a tú apá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ká sábẹ́ wọn jáde, a sì lọ.

Bí a bá fún un mọ́wọ́, omi aláwọ̀ ìyeyè a sun jáde láti oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Ó korò, ó ń rùn, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, nítorí kí ẹyẹ tàbí èèrà lè tu ú dànù ló ṣe ní in. Àwọ̀ pupa àti dúdú tó hàn ketekete yẹn ló fi ń kìlọ̀ ṣáájú, ẹyẹ tó bá ti tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ padà síbẹ̀. Omi náà kì í ṣe ènìyàn léṣe tó bá ti fọ ọwọ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a lè bu ènìyàn jẹ fẹ́ẹ́rẹ́, pàápàá nígbà tí ebi tàbí òùngbẹ bá ń pa á, ṣùgbọ́n kì í gún ènìyàn bí agbọ́n.

Ohun tí ń pa á jù ní ọwọ́ ènìyàn ni oògùn apakòkòrò. Bí a bá fín oògùn tí kì í ṣojúsàájú sórí ẹ̀wà, áfíìdì kú, kòkòrò alámì kú, ọmọ rẹ̀ kú. Ìwọ̀nba áfíìdì tó sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ewé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ láìdúró de akọ, nígbà tí kòkòrò alámì ní láti fò wá láti ibòmíràn, kó yé ẹyin, kí ẹyin sì pa. Ìdí nìyẹn tí áfíìdì fi máa ń pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ lẹ́yìn irú ìfín bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí a kọ́kọ́ yí ewé wò. Bí ẹyin pípọ́n tàbí ọmọ tó jọ ọ̀nì bá ti wà lábẹ́ rẹ̀, kí a fún wọn ní ọjọ́ mélòó kan.

Síbẹ̀, agbára rẹ̀ ní ààlà, ìtàn ẹ̀gẹ́ sì fi èyí hàn. Ní nǹkan bí ọdún 1973, kòkòrò kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí ara rẹ̀ funfun bí ẹni tí a da láfún lé lórí, wọ ilẹ̀ Kóńgò, ó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa, ó ń sọ ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ di kíkákò. Àwọn kòkòrò alámì ìbílẹ̀, bíi Hyperaspis àti Exochomus, rọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n sì jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń dín kù báyìí, wọn a fò lọ síbi tí oúnjẹ gbé pọ̀, ìyókù a sì tún bí sí i. Agbọ́n kékeré kan, Anagyrus lopezi, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tú sílẹ̀ ní ọdún 1981, ló parí iṣẹ́ náà, nítorí pé òun mọ bí a ti ń wá kòkòrò yìí rí nígbà tó bá ṣẹ́ ku ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Hans Rudolf Herren tó darí iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995. Àgbákò ńlá ni iṣẹ́ kòkòrò alámì wà fún. Kì í dúró ṣọ́ oko tí oúnjẹ rẹ̀ ti tán.

A kò gbọdọ̀ fi ojú ọ̀rẹ́ wo gbogbo oríṣi rẹ̀. Àwọn kan tí à ń pè ní Epilachna, ewé ni wọ́n ń jẹ. Lórí egúsí, elégédé àti apálá ni a ti ń bá wọn, wọn a ha ara ewé títí yóò fi dà bí àwọ̀n. Ẹ̀yìn wọn kì í dán, nítorí irun kíkúrú tó bò ó, ọmọ wọn sì pọ́n fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ó kún fún ẹ̀gún ẹlẹ́ka káàkiri ara. Àwọn wọ̀nyí ni kí a ṣa dànù, ẹyin wọn pẹ̀lú.

Ní ìlú òtútù, ènìyàn àti kòkòrò alámì tún ń pàdé lọ́nà mìíràn. Oríṣi kan láti Éṣíà, Harmonia axyridis, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Bìrìtìkó ní ọdún 2004, a máa wọ ilé lọ́pọ̀ yanturu ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, a sì kó jọ sí igun fèrèsé láti fara pamọ́ fún òtútù. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n dáadáa. Kì í jẹ aṣọ, kì í jẹ igi, kì í bímọ sínú ilé. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ pa lára kọ́tìnnì, omi ìyeyè rẹ̀ ni yóò ba aṣọ náà jẹ́, nítorí náà ìwé àti ife ni kí a fi kó o. Bí oòrùn bá tún padà dé, tí gíláàsì sì móoru, wọn a jí, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun fèrèsé lọ sókè bí ẹni tó ń gun ọ̀mùnú, wọn a dé òkè, wọn a jábọ́, wọn a tún gùn, títí ẹnìkan yóò fi ṣí fèrèsé náà.