Ọ̀nà tí owó ìwádìí NIH ń gbà dé ọwọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì

Ní 1992, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, wọ́n ń dán ìrántí àwọn àgbàlagbà tó ti pé ẹni ọdún 65 wò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣe ohun kan náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí èsì jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà JAMA ní 2001, ó hàn pé ìdá 3.24 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà Indianapolis ni àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń mú lọ́dún. Ti Ìbàdàn jẹ́ 1.35 péré. Ẹ̀ka kan nínú NIH (National Institutes of Health) ló gbé owó iṣẹ́ náà kalẹ̀, ó sì tún un gbé kalẹ̀ léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀nà tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń gbà jáde gùn, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n, nítorí ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ìlera l'Ámẹ́ríkà kò ní pẹ́ tí yóò fi kọsẹ̀ lára rẹ̀.

NIH ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń náwó sórí ìwádìí ìlera. Bethesda, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ń bu owó fún un lọ́dọọdún, lẹ́nu àìpẹ́ yìí owó náà ti ń lé ní bílíọ̀nù 47 dọ́là. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń jáde lọ sí yunifásítì àti ilé ìwòsàn káàkiri. Ẹ̀ka 27 ló wà nínú NIH: ti jẹjẹrẹ lọ́tọ̀, ti ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lọ́tọ̀, ti ọjọ́ ogbó lọ́tọ̀. Oníkálukú ní ohun tó ń wá. Iṣẹ́ kan náà tí ẹ̀ka kan kò ní bojú wò, ẹ̀ka mìíràn lè ti máa retí irú rẹ̀.

Àwọn tó di àpò owó mú kọ́ ló ń fún ìwé tí a fi ń béèrè owó ní máàkì o. Onímọ̀ bíi ti ẹni tó kọ ìwé ló ń fún un ní máàkì, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní kíláàsì tirẹ̀, tó ní akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, tó sì ń ka ìwé ẹlòmíràn lálẹ́ nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ti bá TETFund, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń náwó sórí ẹ̀kọ́ gíga, lò nílé mọ̀ pé nínú ètò Owó Ìwádìí Orílẹ̀-èdè, ìwé èrò kúkúrú ló kọ́kọ́ ń lọ, ìwé kíkún á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wọ́n á pe àwọn tó kù wá gbèjà iṣẹ́ wọn. Ní NIH, lórí gírántì tó wọ́pọ̀ jù, kò sí ìgbèjà. Ẹni tó kọ ìwé kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú kíkọ ìwé yìí, orí kókó kan yẹn ló dúró lé.

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ ohunkóhun, àwọn ètò kan wà nílẹ̀. Lójú òfin, yunifásítì ló ń béèrè owó, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Yunifásítì náà gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìkànnì SAM.gov, olùwádìí fúnra rẹ̀ á sì ní àkáǹtì lórí eRA Commons, ìkànnì tí NIH fi ń bójú tó gírántì. Ọ́fíìsì tó ń rí sí gírántì ní yunifásítì ló máa tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, wọ́n sì máa ń fẹ́ kí ìwé ti wà lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Fún ìwé tuntun lórí R01, ìyẹn gírántì tí gbogbo ènìyàn mọ NIH mọ́, ọjọ́ tí wọ́n ń gbà á ni ọjọ́ 5 oṣù kejì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà àti ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn.

Ohun kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti Nàìjíríà máa ń fojú fò: òṣìṣẹ́ ètò (program officer). Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní irú òṣìṣẹ́ yìí, orúkọ àti ímeèlì wọn sì wà lójútáyé. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ fún olùwádìí bóyá èrò rẹ̀ bá ohun tí ẹ̀ka wọn ń wá mu, bóyá ẹ̀ka mìíràn ló yẹ kó lọ. Nílé, kí ènìyàn máa pe òṣìṣẹ́ tó wà nídìí owó jọ pé ó ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń ti ọ̀pọ̀. Níhìn-ín, ẹni tí kò pè wọ́n ló ń fi àkókò ara rẹ̀ ṣòfò. Ká fi ojú ewé kan tó ṣàlàyé èrò náà ránṣẹ́ sí wọn, ká ní kí wọ́n fún wa láàyè láti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó tán. Wọn kì í sí lára àwọn tó ń fúnni ní máàkì, nítorí náà kò sí màgòmágó kankan níbẹ̀.

Ìwé R01 fúnra rẹ̀ kò gùn tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Àlàyé iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé 12 lọ, àmọ́ ojú ewé kan ṣoṣo tó ṣáájú rẹ̀ ló ń pa ìwé tàbí tó ń gbà á là. Orúkọ rẹ̀ ni Specific Aims. Níbẹ̀ ni olùwádìí á ti sọ ohun tí ayé kò tíì mọ̀, ìdí tí àìmọ̀ náà fi ń pa ènìyàn lára, ohun tó rò pé òun máa rí, àti nǹkan méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́ ṣe láti rí i. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò kò ní ka ju ojú ewé yìí lọ kí wọ́n tó dìbò. Ẹni tó bá lo oṣù méjì lórí rẹ̀ kò ṣàṣejù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí iṣẹ́ kejì máa dúró de èsì iṣẹ́ kìíní. Bí ìkíní bá kùnà, kí ni wọ́n á fi owó àwọn ọdún tó kù ṣe? Olùyẹ̀wò máa rí i kíá. Ó tún máa wá ẹ̀rí pé olùwádìí ti fọwọ́ kan iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀: èsì díẹ̀ láti inú yàrá ìwádìí, àwòrán kan tàbí méjì. Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé owó ni ènìyàn fi ń rí èsì ìbẹ̀rẹ̀, èsì ìbẹ̀rẹ̀ ni ènìyàn sì fi ń rí owó.

Ní ti bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹni tí kò bá béèrè ju 250,000 dọ́là lọ lọ́dún fún iṣẹ́ gan-an kò ní láti to gbogbo ìnáwó sílẹ̀ ẹyọ ẹyọ. Ó kàn máa béèrè ní ìdì ìdì 25,000. Owó tí yunifásítì ń gbà fún iná, ilé àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wà lọ́tọ̀, ó sì máa ń kọjá ìlàjì owó iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀rọ̀ yìí di ìjà ní oṣù kejì 2025, nígbà tí NIH kéde pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ ni òun á máa san fún gbogbo yunifásítì. Àwọn ìpínlẹ̀ àti yunifásítì gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù sì dá a dúró.

Bí ìwé bá ti wọlé, ó di ọwọ́ ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò. Wọ́n sábà máa ń jẹ́ bíi ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta péré ni wọ́n máa ń pín ìwé kọ̀ọ̀kan fún láti kà á tinútòde. Máàkì wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 9, 1 ló sì dára jù. (Ó máa ń ṣi àwa tó dàgbà sínú máàkì ọgọ́rùn-ún lọ́nà.) Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ rárá, nǹkan bí ìdajì àwọn ìwé ni wọ́n ti máa yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí máàkì àkọ́kọ́ wọn, wọn kò ní mẹ́nu bà á nínú ìpàdé. Lórí àwọn tó kù, àwọn mẹ́ta á sọ èrò wọn, wọ́n á jiyàn díẹ̀, gbogbo ìgbìmọ̀ á dìbò. Wọ́n á wá ìpíndọ́gba máàkì wọn, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà 10 ni òkè téńté, 90 ni ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń bá olùwádìí ṣiṣẹ́ pọ̀, tàbí tó wà ní yunifásítì kan náà pẹ̀lú rẹ̀, gbọ́dọ̀ jáde síta nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìwé yẹn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà fún iṣẹ́ tí ẹnì kan ti lo ọdún kan lé lórí.

Láti oṣù kìíní 2025, wọ́n ti yí ohun tí wọ́n ń wò padà. Méjì ni wọ́n ń fún ní máàkì báyìí: bí iṣẹ́ náà ti ṣe pàtàkì tó, àti bóyá ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà ṣe é fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, tó sì ṣeé ṣe. Ẹ̀kẹta, ìyẹn olùwádìí fúnra rẹ̀ àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, kò ní máàkì mọ́. Wọ́n á kàn sọ bóyá ó tó tàbí kò tó. Èrò wọn ni pé kí orúkọ Harvard má ṣe máa ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí èrò rere ṣe. Ó dára lórí ìwé. Bóyá olùyẹ̀wò lè gbàgbé orúkọ tó ti rí, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní 2011, ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science fi hàn pé àǹfààní aláwọ̀ dúdú láti rí R01 gbà fi nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti aláwọ̀ funfun, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tí oníkálukú ti tẹ̀ jáde. Ìwádìí mìíràn ní 2019 sọ pé apá kan rẹ̀ wá láti inú ohun tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń yàn láti ṣèwádìí lé lórí, bí ìlera àwùjọ, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ náwó sí.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ètò wà. Ẹni tó bá wà láàárín ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tó gba oyè ọ̀mọ̀wé tàbí tó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn àkànṣe rẹ̀, tí kò sì tíì gba irú gírántì ńlá bíi R01 rí, NIH ń pè é ní ESI (Early Stage Investigator). Wọ́n máa ń kó ìwé wọn jọ sójú kan nígbà ìpàdé kí wọ́n má baà fi wọ́n wé àwọn àgbà, àwọn ẹ̀ka sì máa ń gba máàkì tí kò dára tó ti àwọn àgbà lọ́wọ́ wọn. Ìyá tó bímọ láàárín àkókò náà lè béèrè fún ọdún kan sí i. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti máa ń lé ní ẹni ogójì ọdún kó tó gba R01 àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ físà ṣe kókó fún àwọn tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú gírántì àwọn tó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ni NIH fi mọ sọ́dọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card. Gírántì tó ń jẹ́ K99/R00 kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó wà lórí físà lè gbà á. Ó máa ń gbé ènìyàn fún bí ọdún méjì lábẹ́ ọ̀gá, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́ta tó máa bá a lọ sí ibi tó bá ti rí iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò gbọ́dọ̀ tíì lò ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé kó tó béèrè. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni àkókò yìí ń kọjá lórí wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ta wọ́n lólobó. R01 fúnra rẹ̀ kò béèrè ìwé ọmọ onílùú.

Àgbà náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bó bá fẹ́ tún owó rẹ̀ gbà fún ọdún márùn-ún mìíràn, wọ́n á bi í léèrè ohun tó fi ti àkọ́kọ́ ṣe, wọ́n á sì fẹ́ mọ ohun tuntun tó kù nínú ilé náà. Láti oṣù kẹsàn-án 2025, olùwádìí kan kò gbọ́dọ̀ fi ju ìwé mẹ́fà lọ ránṣẹ́ láàárín ọdún kan, NIH kò sì ní gba ìwé tó jẹ́ pé ẹ̀rọ AI ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí pé àwọn kan ti ń fi ẹ̀rọ tẹ ìwé jáde bí ìwé ìròyìn ni òfin náà fi wáyé.

Bí máàkì kò bá dára, ìwé àlàyé máa dé ọwọ́ olùwádìí, ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan á wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bínú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní oṣù 37 láti tún un kọ, kó sì fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ojú ewé kan tó fèsì sí ohun tí wọ́n sọ. Kí ojú ewé yẹn má jẹ́ ìjà. Bí olùyẹ̀wò bá ṣi ohun kan lóye, kíkọ ló kù díẹ̀ káàtó. Gbígba R01 lẹ́ẹ̀kìíní tí a béèrè ṣọ̀wọ́n.

Ẹni tí máàkì rẹ̀ dára kò tíì gba owó. Ìgbìmọ̀ àwọn olùdámọ̀ràn ẹ̀ka náà á tún wò ó, wọ́n á ní kó mú ìwé àṣẹ ìlànà ìwádìí lórí ènìyàn tàbí ẹranko wá, ọ̀gá ẹ̀ka ló sì máa fọwọ́ sí i níkẹyìn. Láti ọjọ́ tí ìwé wọlé, ó ń tó oṣù mẹ́sàn-án kí owó tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé. Yunifásítì ló máa wọlé sí, ọdọọdún ni ìjábọ̀ á sì máa lọ.

Àwọn tó wà ní Nàìjíríà náà ń gbà nínú owó yìí. Ètò H3Africa lórí àjogúnbá àti ìlera ní Áfíríkà, tí NIH àti àjọ Wellcome Trust ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀, ló náwó sórí SIREN, ìwádìí lórí àrùn rọpárọsẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe aṣáájú rẹ̀. Fogarty, ẹ̀ka NIH tó ń wo òkèèrè, ní gírántì K43 fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀. Àmọ́ ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù tẹ́lẹ̀ ni pé yunifásítì Amẹ́ríkà á gba owó, á sì bu díẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2025, NIH sọ pé òun kò ní fi owó tuntun gba ọ̀nà yẹn mọ́. Nínú ètò tó rọ́pò rẹ̀, apá ti òkèèrè máa dá dúró, owó rẹ̀ á sì wá tààrà láti Bethesda. Yunifásítì tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lórí SAM.gov kò ní lè gbà á, ìforúkọsílẹ̀ náà sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láti òkèèrè.