SQL ò fi àṣìṣe hàn, síbẹ̀ owó ò bára mu

Àǹtí mi kan ń ta aṣọ òkè, fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Òjúde Ọba, kó sì tó pé, àwọn régbérégbé á ti máa wá ohun tí wọ́n máa wọ̀ jáde. Ìgbà yẹn ni ọjà Àǹtí ń yá jù. Nígbà tí ọdún parí, wọ́n ní kí n bá àwọn ṣírò ohun tí wọ́n tà. Mo kọ SQL mi, èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, ó dáhùn lójú ẹsẹ̀, mo ka iye tó gbé jáde fún wọn. Wọ́n wò mí títí.

"Ìwọ, níbo lowó yẹn wà? Àbí mo ní báńkì míì tí mi ò mọ̀?"

Mo kọ́kọ́ jà fún kọ̀ǹpútà mi. Mo ní bí mo bá kọ ọ́ ṣì, kò ní dáhùn rárá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ SQL ló gbà bẹ́ẹ̀, irọ́ sì ni. Ohun tó ń yẹ̀ wò ni bóyá gírámà rẹ tọ́, bóyá àtẹ tó o dárúkọ wà níbẹ̀. Ohun tó o ní lọ́kàn ò kàn án.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ́dà kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ kan ra aṣọ òkè ₦120,000, fìlà ₦20,000, ìlẹ̀kẹ̀ ₦60,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦200,000. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n san án, ₦100,000, ₦100,000. Àtẹ ọjà ní ìlà mẹ́ta, àtẹ owó sísan ní méjì. Mo fi JOIN so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ọ́dà. Iṣẹ́ JOIN sì ni kó mú ìlà kọ̀ọ̀kan níhìn-ín bá gbogbo ìlà tó bá a mu lọ́hùn-ún: mẹ́ta lọ́nà méjì, ìlà mẹ́fà. Ọjà kọ̀ọ̀kan yọjú lẹ́ẹ̀mejì, owó kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Iye ọjà di ₦400,000, owó sísan di ₦600,000.

SQL ò ṣẹ̀. Bí Edgar Codd, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣe là á sílẹ̀ lọ́dún 1970 nìyẹn, òun ni Donald Chamberlin àti Raymond Boyce sì gbé èdè yìí lé ní IBM lọ́dún 1974. Ìlà ló ń so mọ́ ìlà. Kò mọ̀ pé owó ò gbọ́dọ̀ bímọ lórí àtẹ.

Ẹlòmíì á ní kí n fi DISTINCT sínú SUM tó ń ro iye pọ̀, kó lè ka iye tó bá dọ́gba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Owó sísan já wálẹ̀ sí ₦100,000, nítorí pé méjèèjì dọ́gba, ó sì ka ìkejì sí àwítúnwí. Iye ọjà bọ́ sí ₦200,000 gẹ́lẹ́, èyí ló sì bà mí lẹ́rù jù: ká ní iye fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀ dọ́gba ni, ọ̀kan ì bá ti wọlẹ̀ láìsẹ́ni tó mọ̀.

Kí ẹ ro àtẹ kọ̀ọ̀kan pọ̀ lọ́tọ̀ ná, kí ẹ tó so wọ́n:

SELECT o.nomba, i.iye, s.owo
FROM oda o
LEFT JOIN (SELECT nomba, SUM(iye) AS iye FROM oja GROUP BY nomba) i ON i.nomba = o.nomba
LEFT JOIN (SELECT nomba, SUM(owo) AS owo FROM sisan GROUP BY nomba) s ON s.nomba = o.nomba;

LEFT JOIN ni mo lò o. JOIN lásán á yọ ọ́dà tí wọn ò tíì san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ kúrò, gbèsè á sì pòórá.

Ọjọ́ náà tún ní tirẹ̀. Bí ẹ bá kọ BETWEEN '2025-06-01' AND '2025-06-30' láti fi mú ọjà oṣù kẹfà, tí aago sì wà lára ọjọ́ nínú àkọsílẹ̀ yín, òru tí 30 bẹ̀rẹ̀ ló máa dúró sí, ọjà odidi ọjọ́ kan á sì lọ. Ẹ lo >= '2025-06-01' (láti ọjọ́ yẹn lọ) àti < '2025-07-01' (kó tó di ọjọ́ yẹn).

Àǹtí ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ọjà sí. Ní báyìí, ọ́dà mẹ́ta ni mo máa ń mú níbẹ̀, màá fọwọ́ ṣírò wọn, màá fi wé ohun tí SQL sọ kí n tó dárúkọ owó kankan. Lọ́jọ́ tí mo tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ bára mu, àyàfi ìlà kan tí ibi owó sísan rẹ̀ ṣófo.

"Ta nìyẹn?" ni Àǹtí bi mí. Mi ò tíì kà nọ́ńbà ọ́dà náà tán tí wọ́n fi gbé fóònù.